Lẹ́tà júrì dé bá mi ní London: ṣé dandan ni kí n lọ?

Ìbéèrè, láti ọ̀dọ̀ ìyá ọlọ́mọ méjì kan ní Thamesmead:

Ilé-ẹjọ́ kọ lẹ́tà sí mi pé kí n wá ṣe júrì, ìyẹn ni pé kí n wà lára àwọn ará ìlú méjìlá tí ń pinnu bóyá olùjẹ́jọ́ jẹ̀bi, ní Crown Court, ilé-ẹjọ́ tí ń gbọ́ ẹjọ́ ọ̀daràn ńlá, fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ni mo ṣì ń lò. Wọ́n ti fún mi ní ìwé ìgbélùú tí kò ní gbèdéke, ṣùgbọ́n n kò tíì di ọmọ onílùú. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mo ń ṣe lábẹ́ ejẹ́ńsì, ọjọ́ tí n kò bá sì lọ, owó kò wọlé. Ọkọ mi ní kí n má dá wọn lóhùn, kí wọ́n má baà bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìwé wa wò. Pásítọ̀ wa ní Ọlọ́run kò fẹ́ kí á máa dá ọmọnìkejì wa lẹ́jọ́. Ọ̀rẹ́ mi níbi iṣẹ́ ní kí n kàn kọ ọ́ pé n kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe é rí, ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Bí mo bá sì lọ, kí ni n ó bá níbẹ̀?

* * *

Ẹ má gbọ́ ti ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ẹ fèsì sí lẹ́tà náà kí ọjọ́ méje tí wọ́n fún yín tó pé, nítorí pé ẹni tí kò bá fèsì, tàbí tí kò yọjú lọ́jọ́ tí wọ́n dá fún un láìní ìdí gúnmọ́, lè san owó ìtanràn tí ó tó £1,000. Ẹ lè fèsì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ sì lè fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ ìwé ìrìnnà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣì mọ̀. Òfin júrì ti England àti Wales, èyí tí wọ́n ṣe ní 1974, kò béèrè bóyá ènìyàn jẹ́ ọmọ onílùú. Ohun tí ó ń béèrè ni pé kí orúkọ ènìyàn wà nínú ìwé àwọn olùdìbò, kí ó ti pé ọdún 18 kí ó má sì tíì ju 75 lọ, kí ó sì ti gbé ní ilẹ̀ náà fún ọdún 5, ó kéré tán, lẹ́yìn tí ó pé ọmọ ọdún 13. Nàìjíríà wà nínú Commonwealth, ọmọ Commonwealth tí ìwé rẹ̀ pé sì lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò ní Britain. Láti ọjọ́ tí ẹ ti kọ orúkọ yín sínú fọ́ọ̀mù ìdìbò tí káńsù fi ránṣẹ́ sí ilé yín ni ẹ ti wà lára àwọn tí kọ̀ǹpútà lè mú. Kò sí ẹni tí ó jókòó síbì kan tí ó ní kí wọ́n pe yín. Bí ó bá jẹ́ pé ọmọ Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin ni yín, tí ẹ kò sì tíì di ọmọ onílùú, lẹ́tà yìí kì bá tí dé ọ̀dọ̀ yín, nítorí pé Benin kò sí nínú Commonwealth.

Ní ti ẹ̀rù tí ń ba ọkọ yín, ọ́fíìsì tí ó ń fi lẹ́tà wọ̀nyí ránṣẹ́, ìyẹn Jury Central Summoning Bureau, kì í ṣe ọ́fíìsì físà. Àkọsílẹ̀ ọlọ́pàá ni wọ́n máa ń yẹ̀ wò, nítorí pé ẹni tí ilé-ẹjọ́ ti rán lẹ́wọ̀n láàárín ọdún 10 sẹ́yìn, tàbí tí wọ́n gba onídùúró rẹ̀ nínú ẹjọ́ ọ̀daràn tí kò tíì parí, kò gbọdọ̀ jókòó. Ẹni tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá kàn tí ó sì pa á mọ́ lè san owó ìtanràn ńlá. Ẹni tí kò bá kàn kò ní ohun tí ó ń sá fún.

* * *

Ẹnìkan láti Houston ti dá sí i pé irọ́ ni mo ń pa, pé àwọn ọmọ onílùú nìkan ni ó ń ṣe júrì. Òótọ́ ni ó sọ nípa Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n London ni arábìnrin yìí ń gbé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí á da òfin ilẹ̀ méjì pọ̀, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ń mú orúkọ láti inú ìwé àwọn tí ó ní láísẹ́ǹsì ọkọ̀, nítorí náà lẹ́tà lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ní green card nìkan. Ẹni bẹ́ẹ̀ náà gbọ́dọ̀ fèsì, kí ó sì kọ ọ́ gbangba pé òun kì í ṣe ọmọ onílùú. Bí ó bá fi ìtìjú tàbí ìkánjú kọ ọ́ pé ọmọ onílùú ni òun, ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba ìwé rẹ̀ jẹ́. Òdìkejì rẹ̀ náà wà: ọmọ onílùú tí ó ti ń dìbò, tí ó wá ń sọ pé òun kì í ṣe ọmọ onílùú kí wọ́n lè fi òun sílẹ̀, ń pe ẹjọ́ lé ara rẹ̀ lórí.

Ohun kan wà tí ìlú méjèèjì fi jọra. Bí ẹnìkan bá pè yín lórí fóònù pé ẹ ti pa júrì jẹ, pé ẹ san owó báyìí tàbí kí ẹ ra káàdì ẹ̀bùn kí ọlọ́pàá má baà wá mú yín, oníjìbìtì ni. Ẹ pa fóònù náà.

* * *

Ìmọ̀ràn pé kí ènìyàn sọ pé òun kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni ó bí mi nínú jù. Adájọ́ lè dá ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó padà sílé lóòótọ́, òfin fún un láyè. Ṣùgbọ́n arábìnrin wa ti yege nínú ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì kí ó tó gba ìwé ìgbélùú, Gẹ̀ẹ́sì ni ó sì fi ń kọ ìròyìn àwọn arúgbó tí ó ń tọ́jú sínú fáìlì lójoojúmọ́. Kí ó wá fọwọ́ sí ìwé ìjọba pé òun kò gbọ́ èdè náà? Ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin kí ènìyàn parọ́ kí ó lè bọ́ nínú iṣẹ́ júrì, mo sì rò pé ẹni tí ó ṣì ní ìwé kan tàbí méjì láti gbà lọ́wọ́ ìjọba kò gbọdọ̀ dán an wò.

* * *

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ọ̀rọ̀ pásítọ̀, nítorí pé ó ju ènìyàn mẹ́ta lọ tí ó ti gbè é lẹ́yìn níhìn-ín.

Títí di ọdún 2004, àwọn àlùfáà àti pásítọ̀ kì í ṣe júrì ní England; òfin ni ó yọ wọ́n sílẹ̀. Láti April ọdún náà ni wọ́n ti pa ààbò yẹn rẹ́, àti ti agbẹjọ́rò, àti ti ọlọ́pàá, kódà àti ti adájọ́ fúnra rẹ̀. Nítorí náà, bí lẹ́tà bá dé bá pásítọ̀ yín lọ́la, òun náà yóò gbé Bíbélì rẹ̀ dání lọ. Ẹgbẹ́ ìsìn tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ kọ iṣẹ́ júrì pátápátá lè kọ̀wé bẹ̀bẹ̀, wọn yóò sì gbé e yẹ̀ wò, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ pé ìjọ yín kọ́ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ rí.

Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé ohun tí wọ́n ń pe júrì sí kì í ṣe ohun tí pásítọ̀ ń rò. Júrì kì í rán ènìyàn lẹ́wọ̀n. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n gbé síwájú yín: ǹjẹ́ ẹ̀rí tí agbẹjọ́rò ìjọba kó wá mú kí ó dá yín lójú pé ọkùnrin tàbí obìnrin yìí ṣe ohun tí wọ́n ní ó ṣe? Bí kò bá dá yín lójú, kò jẹ̀bi. Ìyà tí ẹni tí ó jẹ̀bi yóò jẹ wà lọ́wọ́ adájọ́ nìkan, kò sì ní bi yín léèrè èrò yín. Ní Nàìjíríà lónìí, adájọ́ kan náà ni ó ń gbọ́ ẹjọ́, tí ó ń sọ ẹni tí ó jẹ̀bi, tí ó sì ń sọ iye ọdún ẹ̀wọ̀n. Bóyá ìdí nìyẹn tí a fi rò pé gbogbo rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ dì lé wa lórí.

Ní ti ìbúra, ẹni tí ó bá ní ìgbàgbọ́ òun kò gba ìbúra kò níláti búra. Onígbàgbọ́ lè di Májẹ̀mú Tuntun mú, mùsùlùmí lè béèrè Kùránì, ẹni tí kò bá sì fẹ́ fi ìwé kankan búra, títí kan ẹlẹ́sìn ìṣẹ̀ṣe tí kò rí nǹkan tirẹ̀ níbẹ̀, yóò kàn ṣe ìlérí láìdárúkọ Ọlọ́run kankan. Méjèèjì ní agbára kan náà lójú òfin, kò sì sí ẹni tí yóò bi í léèrè ìdí rẹ̀.

* * *

Ó wá ku owó, níbi tí mo ti gbà pé arábìnrin wa ní ẹjọ́ tí ó ṣe é rò. Àwọn kan ti kọ ọ́ níhìn-ín pé ìjọba yóò san gbogbo owó tí ó pàdánù. Rárá o. Fún ọjọ́ mẹ́wàá àkọ́kọ́, iye tí wọ́n lè san lójúmọ́ fún ẹni tí ó bá ju wákàtí mẹ́rin lọ ní kọ́ọ̀tù kò ju £64.95 lọ, owó ẹni tí yóò bá a mójú tó àwọn ọmọ sì wà nínú iye yẹn. Kò sí àfikún. Bí kò bá ju wákàtí mẹ́rin lọ, £32.47 ni. Bí ẹjọ́ bá gùn ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ, ó lè gòkè dé £129.91. Owó oúnjẹ jẹ́ £5.71. Wọ́n ń dá owó bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ ojú irin padà bí ẹ bá pa rìsíìtì mọ́, ṣùgbọ́n ẹ kò gbọdọ̀ wọ takisí kí ẹ tó gba àṣẹ lọ́wọ́ kọ́ọ̀tù. Ẹ wá fi wé owó iṣẹ́: láti April 2025 di March 2026, owó wákàtí kan tí ó kéré jù lọ fún ẹni tí ó ti pé ọdún 21 jẹ́ £12.21, ìyẹn ni pé iṣẹ́ wákàtí méjìlá ju £146 lọ. Ohun tí ìjọba ń san kò tó ìdajì rẹ̀.

Àwọn kan ní agbaniṣíṣẹ́ ni yóò san ìyókù. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan ń san án lóòótọ́, pàápàá iṣẹ́ ìjọba, ṣùgbọ́n òfin kò fi dandan mú wọn. Ohun tí òfin fi dandan mú wọn ni pé kí wọ́n yọ̀ǹda òṣìṣẹ́, kí wọ́n má sì lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ tàbí fi ìyà jẹ ẹ́ nítorí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin rí èyí lọ́dọ̀ ejẹ́ńsì kan tí n kò ní dárúkọ: wọn kò lé e, wọ́n kàn dẹ́kun fífi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí i fún ìgbà díẹ̀. Ó kọ̀wé sí wọn, ó béèrè ìdí rẹ̀ lórí ìwé, iṣẹ́ sì padà dé. Nítorí náà, ẹ fi ohun gbogbo sórí ìwé. Fọ́ọ̀mù kan wà tí kọ́ọ̀tù yóò fún yín tí agbaniṣíṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ iye tí ẹ ń pàdánù sí. Ẹ fún ejẹ́ńsì yín kí ọ̀sẹ̀ náà tó bẹ̀rẹ̀, nítorí pé láìsí i, kọ́bọ̀ kò ní jáde. Ẹni tí ó dá iṣẹ́ ara rẹ̀ ṣe yóò kó ìwé owó orí rẹ̀ wá ní tirẹ̀.

Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ béèrè fún ìsúnsíwájú bí oṣù yìí kò bá rọgbọ, dípò kí ẹ máa bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n yọ yín kúrò pátápátá. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ẹ lè sún un, kò sì gbọdọ̀ kọjá oṣù méjìlá. Ìdánwò, iṣẹ́ abẹ, tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú tí ẹ ti rà sílẹ̀ láti lọ ṣe òkú ìyá yín ní Ìjẹ̀bú, gbogbo ìyẹn jẹ́ ìdí tí ó dára. Ẹ mú àkókò tí iṣẹ́ kì í pọ̀, kí ẹ sì ti fi owó díẹ̀ pamọ́ kí ó tó dé. Ẹ kò sì gbọdọ̀ ṣe iṣẹ́ òru kí ẹ wá jókòó ní kọ́ọ̀tù láàárọ̀: ẹjọ́ ènìyàn ni ẹ lọ gbọ́, adájọ́ sì lè yọ ẹni tí ó ń tòògbé kúrò.

* * *

Arákùnrin kan ní kí n dẹ́kun ìṣirò, kí n sọ ohun tí ojú ń rí níbẹ̀. Ìdúró ni ojú ń rí.

Ẹ ó mú lẹ́tà yín àti ìwé ìdánimọ̀ dání. Wọ́n yóò tú báàgì yín wò lẹ́nu ọ̀nà, wọn yóò sì mú yín lọ sí yàrá ńlá kan tí àga pọ̀ sí. Ní ibi tí mo ti ṣe tèmi, ní gúúsù ìlà-oòrùn London, àwọn kan ń hun aṣọ òtútù, àwọn kan ń ta káàdì, ọ̀pọ̀ ń wo fóònù. Ẹ gbé ìwé àti ṣájà dání. Òṣìṣẹ́ kan yóò máa wọlé wá pe orúkọ ní àkókò tí kò ní ìlànà. Àwọn kan lè lo ọjọ́ púpọ̀ láìwọ ẹjọ́ kankan, kí wọ́n sì ní kí wọ́n máa lọ sílé.

Bí wọ́n bá pè yín, ẹ̀yin bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ó máa ń tẹ̀lé òṣìṣẹ́ tí ó wọ aṣọ dúdú gbàgẹ̀rẹ̀ lọ sínú kọ́ọ̀tù. Akọ̀wé yóò po àwọn káàdì orúkọ pọ̀, yóò sì máa fà wọ́n yọ níkọ̀ọ̀kan títí ènìyàn méjìlá yóò fi pé. Mo rí akọ̀wé kan tí ó fa káàdì yọ, tí ó tẹjú mọ́ ọn pẹ́, tí ó pe “Oluwa” tí ó sì dúró. Arábìnrin tí ó ni orúkọ ti dìde kí akọ̀wé tó rí ìyókù pè. Kò sí àwọn ìbéèrè gígùn tí agbẹjọ́rò Amẹ́ríkà máa ń bi àwọn júrì. Wọn yóò ka orúkọ olùjẹ́jọ́ àti àwọn ẹlẹ́rìí fún yín kí ẹ lè sọ bí ẹ bá mọ ẹnìkan nínú wọn, ẹ ó búra, ẹjọ́ sì bẹ̀rẹ̀. Ẹ má retí pé adájọ́ yóò fi òòlù gbá tábìlì. Inú fíìmù ni ìyẹn wà, adájọ́ England kì í lò ó.

* * *

Ìjà gidi bẹ̀rẹ̀ níhìn-ín nígbà tí ẹnìkan béèrè pé: bí ó bá jẹ́ ọmọ Yorùbá ni olùjẹ́jọ́ ńkọ́? Àwọn kan ní kí á gbà á sílẹ̀, nítorí pé tiwa ni tiwa. Àwọn kan ní kí ẹni náà tètè sọ fún adájọ́ pé kí ó yọ òun, kí ojú má baà ti òun. N kò sí lẹ́yìn ẹgbẹ́ kankan. Pé ẹ jọ jẹ́ Yorùbá kò tó láti yọ yín. Pé ẹ mọ̀ ọ́n, tàbí ẹ jọ ń lọ sí ìjọ kan náà, tàbí àbúrò yín fẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ìyẹn ni ẹ gbọ́dọ̀ sọ kí ẹ tó búra; bí ó bá sì jẹ́ pé ẹ̀yìn tí ẹjọ́ ti bẹ̀rẹ̀ ni ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a mọ̀, ẹ sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí ó bá wọ yàrá ìpàdé, níbi tí júrì ti ń jíròrò níkọ̀kọ̀, pẹ̀lú ìpinnu láti gba ọmọ ìlú rẹ̀ sílẹ̀ láìwo ẹ̀rí ti da ìbúra rẹ̀. Ẹ sì rántí pé ẹni tí wọ́n jí owó rẹ̀ tàbí tí wọ́n lù náà lè jẹ́ ọmọ Yorùbá.

Ọ̀rọ̀ ògbufọ̀ tún le ju ìyẹn lọ. Ká ní ẹlẹ́rìí kan sọ Yorùbá pé “Ó na ọwọ́ sí mi,” tí ògbufọ̀ sì sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni pé ọkùnrin náà lù ú. Ẹ̀yin nìkan nínú àwọn méjìlá ni ẹ gbọ́ ohun tí obìnrin náà sọ. Ẹ má ṣe gbé e wọ yàrá ìpàdé kí ẹ wá di ògbufọ̀ fún àwọn mọ́kànlá tí ó kù níkọ̀kọ̀, nítorí pé agbẹjọ́rò kankan kò ní sí níbẹ̀ tí yóò bi yín léèrè. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ fún òṣìṣẹ́ kọ́ọ̀tù kí ó gbé e fún adájọ́, lójú ẹsẹ̀. Adájọ́ ni yóò mọ bí wọn yóò ṣe tọ́ ọ sọ́nà ní gbangba. Ọ̀nà kan náà ni fún ohunkóhun tí kò bá yé yín.

* * *

Ẹnìkan ní kí arábìnrin wa máa fi ìròyìn ẹjọ́ náà tó wa létí níhìn-ín lójoojúmọ́. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀! Kò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀, kò gbọdọ̀ gbé e sórí WhatsApp ìdílé, kò sì gbọdọ̀ fi ṣe kókó àdúrà nínú ìpàdé àwọn obìnrin. Wíwá orúkọ olùjẹ́jọ́ lórí Google nígbà tí ẹjọ́ ń lọ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ tí ó lè mú ẹ̀wọ̀n ọdún méjì wá, láti ìgbà òfin ọdún 2015, kódà kí ó tó di òfin yẹn ni wọ́n ti ń rán àwọn júrì lẹ́wọ̀n. Ní 2011, obìnrin kan tí ó ṣe júrì ní Manchester bá olùjẹ́jọ́ kan sọ̀rọ̀ lórí Facebook, ó sì gba oṣù mẹ́jọ. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, júrì kan ní Luton wá ìtàn olùjẹ́jọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sọ ọ́ fún àwọn yòókù, ó sì gba oṣù mẹ́fà. Lẹ́yìn ẹjọ́, ẹ lè sọ ohun tí gbogbo ayé gbọ́ ní gbangba kọ́ọ̀tù, ṣùgbọ́n ohun tí ẹnikẹ́ni sọ nínú yàrá ìpàdé ti di àṣírí. Ìdí nìyẹn tí n kò fi ní dáhùn ẹni tí ó bi mí léèrè ohun tí àwa rò nípa olùjẹ́jọ́ tiwa.

Ẹlòmíràn ní kò sí ìwúlò rẹ̀, pé ohun tí adájọ́ bá fẹ́ ni júrì yóò sọ. Ìtàn ilẹ̀ yìí kò sọ bẹ́ẹ̀. Ní 1670, ní Old Bailey, ilé-ẹjọ́ ọ̀daràn ńlá ní London, wọ́n gbé William Penn àti William Mead wá nítorí ìwàásù tí Penn ṣe ní òpópónà. Júrì kọ̀ láti dá wọn lẹ́bi bí adájọ́ ti fẹ́. Wọ́n ti àwọn júrì náà mọ́lé láìsí oúnjẹ, láìsí omi, láìsí iná, wọn kò yí ohùn padà. Wọ́n bu owó ìtanràn lé wọn, wọ́n sì jù wọ́n sẹ́wọ̀n. Ọ̀kan nínú wọn, Edward Bushel, gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí iwájú adájọ́ àgbà Vaughan, ẹni tí ó sọ pé kò sí ẹni tí ó lè fi ìyà jẹ júrì nítorí ohun tí ó bá pinnu. Òkúta ìrántí wọn ṣì wà ní Old Bailey títí di òní.

Lónìí, adájọ́ yóò ní kí ohùn yín ṣọ̀kan. Bí wákàtí méjì ó lé ìṣẹ́jú mẹ́wàá bá kọjá tí kò ṣọ̀kan, ó lè gbà kí mẹ́wàá nínú méjìlá fẹnu kò. Bí ìyẹn náà kò bá ṣeé ṣe, ó lè tú yín ká, kí ìjọba pinnu bóyá wọn yóò tún ẹjọ́ náà gbọ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ẹ ń fi àkókò ṣòfò nítorí pé ẹ̀yin nìkan ni kò tíì dá lójú.

* * *

Arábìnrin wa ti padà wá. Ó ní òun ti fèsì, wọ́n sì ti sún un sí àkókò tí àwọn ọmọ yóò wà níléèwé. Ó béèrè ohun méjì péré: ìgbà tí owó yóò wọlé, àti bóyá wọ́n lè tún pe òun.

Ẹ fi ìwé owó náà ránṣẹ́ ní kété tí ẹ bá parí, nítorí pé wọn kì í gbà á lẹ́yìn oṣù méjìlá. Ó sábà máa ń wọ àpò ìfowópamọ́ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje sí mẹ́wàá. Wọ́n lè tún pe yín, ṣùgbọ́n bí ọdún méjì kò bá tíì pé lẹ́yìn tí ẹ ṣe èyí, ẹ̀tọ́ yín ni kí ẹ ní kí wọ́n fi yín sílẹ̀. Ẹ pa lẹ́tà yìí mọ́ títí di ìgbà náà.